Ilé Ìwòsàn Kọ́ Ló Pa Ṣòbìà: Ẹ Jẹ́ Kí Ìròyìn Yára Ju Àrùn Lọ

 

Gbogbo ìgbà tí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò lọ́dọ̀ wa, ohun méjì ni wọ́n máa ń ṣèlérí: ọ̀nà ọlọ́dà àti ilé ìwòsàn. A ó pàtẹ́wọ́, a ó lu ìlù, wọ́n á lọ. A ò sọ pé ilé ìwòsàn ò dára. Ẹni tó bá ti gbé aboyún sẹ́yìn zémìjàn lóru mọ̀ pé a nílò ilé ìwòsàn, a sì nílò rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kan tí kò ní dùn létí àwọn tó ń wá ìbò: ilé ìwòsàn kì í dá àjàkálẹ̀ àrùn dúró. Ẹni tí àrùn ti gbé ṣubú ló ń gbà wọlé.

Ohun tó ń dá àjàkálẹ̀ àrùn dúró ni ìròyìn. Kí ẹnì kan rí aláìsàn àkọ́kọ́. Kó mọ̀ pé ohun tí òun rí yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Kó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹni tó sọ ọ́ fún sì dìde. Mẹ́rin náà nìyẹn. Bí ọ̀kan bá já nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ́ ilé ìwòsàn alájà mẹ́wàá, òkú la ó máa gbé jáde níbẹ̀.

Ẹ wo ṣòbìà

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún láàárín wa mọ ṣòbìà. Kòkòrò tó rí bí okùn, tó lè gùn tó mítà kan, tí í yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìrora tí kò ṣeé fẹnu sọ. Àgbẹ̀ tó yẹ kó wà lóko á dùbúlẹ̀ sílé, iṣu rẹ̀ á jẹrà sínú ebè, àwọn ọmọ á fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ máa ro oko bàbá wọn. Ní 1986, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ènìyàn ni ṣòbìà ń mú lọ́dọọdún ní Áfíríkà àti Éṣíà.

Ṣòbìà yìí ti lọ. Ní 2004 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí ó ṣe ní Benin, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí ní 2009. Tógò rí ti wọn kẹ́yìn ní 2006, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ní 2011. Nàìjíríà tí à ń bá pààlà rí ti wọn kẹ́yìn ní 2008, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ní 2013.

Ta ló pa á? Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó dáhùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́, nítorí kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣòbìà. Oògùn kọ́, nítorí títí di òní kò sí oògùn tó ń wo ṣòbìà. Dókítà ńlá láti Kútọnu kọ́. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu ni. Ìkìlọ̀ pé ẹni tí ṣòbìà ń yọ lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ wọ odò tí ará ìlú ń mu ni. Oògùn díẹ̀ tí wọ́n ń dà sí adágún láti pa kòkòrò wíwẹ́ inú omi ni. Kànga ni. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe mọ abúlé tí wọn ó gbé aṣọ lọ, báwo ni wọ́n ṣe mọ adágún tí wọn ó da oògùn sí? Ará abúlé kan ló sọ fún wọn. Ọkùnrin tàbí obìnrin kan tí wọ́n yàn nínú wa, tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń ka iye ẹni tí ṣòbìà ń yọ lára wọn, tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ lóṣooṣù. Bí kò bá rí ẹnì kankan, á kọ òdo, á fi òdo náà ránṣẹ́. Òdo yẹn ṣe pàtàkì. Ibi tí wọ́n ti kọ òdo, ẹnì kan lọ wò níbẹ̀ ni. Ibi tí wọn ò ti kọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwa ará oko ò lè ṣe nǹkan kan sí àrùn títí ìjọba yóò fi dé. A ti ṣe é rí. Ojú wa ló ṣe.

Kì í ṣe ṣòbìà nìkan

Ṣànpọ̀nná ńkọ́? Èyí tí àwọn bàbá wa ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fi dárúkọ rẹ̀ lásán, Olóde ni wọ́n ń pè é, Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ń rò pé torí wọ́n gún gbogbo ayé lábẹ́rẹ́ tán ló ṣe lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún 1966, ní Ogoja ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, dókítà kan tó ń jẹ́ William Foege bá a lójú iṣẹ́, àjẹsára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò sì lè kárí gbogbo ènìyàn. Kí ló ṣe? Ó bẹ àwọn míṣọ́nnárì tó ní rédíò tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n rán ènìyàn sí gbogbo abúlé tó yí wọn ká, kí wọ́n béèrè ibi tí àrùn náà wà. Ibi tí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sáré lọ, àwọn ará ilé aláìsàn àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Iná náà kú níbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n wá gbé káàkiri ogún orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Áfíríkà, Tógò wà níbẹ̀, Dahomey tó jẹ́ orúkọ Benin nígbà yẹn náà wà níbẹ̀. Nígbà tó fi di 1970, ó ti tán ní ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù karùn-ún 1980, wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Abẹ́rẹ́ ló ṣe é, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìròyìn ló júwe ilé fún abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tún mú èyí tó súnmọ́ wa. Ní ogúnjọ́ oṣù keje 2014, ọkùnrin kan tí Ebola ti wà lára rẹ̀ kúrò ní Liberia, ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ gba Lomé kọjá, ó sì balẹ̀ sí Èkó. Èkó! Ìlú tí ọmọ Àjàṣẹ́ lè lọ láàárọ̀ kó padà wálé lálẹ́. Gbogbo ayé ń gbọ̀n. Dókítà obìnrin kan, Ameyo Stella Adadevoh, kò gbà kí aláìsàn náà jáde nílé ìwòsàn bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kó máa lọ. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ẹni tó bá àwọn aláìsàn náà pàdé. Wọ́n rí nǹkan bí 890 ènìyàn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ sí ilé wọn, wọ́n ń wò bóyá ara wọn gbóná. Ẹni ogún ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n kéde pé ó ti tán. Ẹ̀yin èèyàn mi, oògùn Ebola kò tíì sí nígbà yẹn, àjẹsára rẹ̀ kò tíì sí. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn ló gbà wá, àwa tí à ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ Èkó.

Ibi tí ìròyìn ti ń kú lọ́dọ̀ wa

Bí ọ̀nà náà bá ti rọrùn báyìí, kí ló dé tí onígbáméjì fi máa ń pa wá kí ẹnikẹ́ni tó dìde? Ibi mẹ́rin ni ìròyìn ti ń kú lọ́dọ̀ wa. A ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí kó má bínú.

Àkọ́kọ́, ìtìjú. Ìgbẹ́ gbuuru tó funfun bí omi ìrẹsì mú ẹnì kan nínú agbolé, olórí ẹbí á ní kí ọ̀rọ̀ náà má jáde, kí wọ́n má baà sọ pé ilé òun dọ̀tí. Baálẹ̀ gbọ́, òun náà dákẹ́, kí mẹ́ẹ̀rì má baà sọ pé ìlú òun ni àrùn ti bẹ̀rẹ̀. Onígbáméjì kì í dúró de ìtìjú. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó lè pa àgbàlagbà tó jí láàárọ̀ tó sì ta pọ́un. Bí a ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa tó ìdajì àwọn tó bá dà dùbúlẹ̀. Bí a bá tètè tọ́jú wọn, kò ní pa tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe owó. Ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́ ni. Kẹ́ ẹ sì tó rí òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ mú omi lítà kan tí ẹ ti sè tó ti tutù, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà sí i, ṣíbí náà ò gbọdọ̀ kún kọjá etí, ẹ fi ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ sí i, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́dúró, bí ẹ ti ń gbé e lọ.

Ìkejì, èdè. Ẹ lọ wo ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Faransé ni. Wọ́n kọ « paralysie flasque aiguë » síbẹ̀, wọ́n ní ká fi tó ìjọba létí. Ìyá wo ní ọjà Kétu ló máa mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé kò ṣeé kọ pé: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì, ẹ sáré wá sọ? Nítorí rọpárọsẹ̀ lè wà nínú ìyẹn. Ìgbẹ́ ọmọ náà ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń gbà á, ó kéré tán wákàtí 24 láàárín méjèèjì, kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti rọ. Ẹni tó gbé ọmọ kiri ilé àdúrà àti ilé adáhunṣe fún oṣù kan kó tó sọ, àkókò ti kọjá. Nínú nǹkan bí 200 ọmọ tí kòkòrò rọpárọsẹ̀ wọ̀ lára, ọ̀kan péré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ń wọ́lẹ̀, ẹ mọ̀ pé kòkòrò náà ti wà lára ọ̀pọ̀ tó ń sáré kiri.

Ìkẹta, iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn tí Faransé ń pè ní relais, àwọn ará wa tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àjẹsára, àwọn ni ojú ìlú. Táṣẹ́rẹ́ ni ohun tó ń kan ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Wọ́n á ní iṣẹ́ ìfẹ́ ìlú ni. Ṣé aṣòfin náà ń ṣe tirẹ̀ nítorí ìfẹ́ ìlú? Ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ń mu omi ni, tí kò mu epo? Ní 2001, ní Abuja, àwọn olórí Áfíríkà jọ pinnu pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba wọn làwọn ó máa ná sórí ìlera. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́dọ̀ yín, ẹ bi í: èló lẹ ná lọ́dún tó kọjá? Èló ló dé ọwọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn?

Ìkẹrin, ẹnubodè. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Ọjà wa bàjẹ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ní 2019 yẹn kan náà ni wọ́n rí kòkòrò rọpárọsẹ̀ irú kejì lára àwọn ọmọ ní Benin, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ìbátan èyí tó wà ní Nàìjíríà ni. Kòkòrò yìí, a ò ní purọ́ fún yín, inú àjẹsára tí wọ́n ń kán sẹ́nu ló ti pilẹ̀. Èyí tí wọ́n ti rọ̀ lágbára ń ti ara ọmọ kan bọ́ sára òmíràn níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò ti gba àjẹsára, títí ó fi gba agbára rẹ̀ padà. Àwọn tó ń bá àjẹsára jà máa ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á gbé ìdajì kejì mì. Ìdajì kejì rèé: níbi tí gbogbo ọmọ ti gbà á, kò ríbi rìn. Ọmọ tí wọ́n fojú fò ló ń fún un lọ́nà. Àwọn ọmọ wo ni wọ́n sábà máa ń fojú fò? Àwọn tó wà ní abà láàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ, tí Benin rò pé Nàìjíríà ti kà, tí Nàìjíríà rò pé Benin ti kà. Ọmọ àwa náà ni, ọmọ Fúlàní darandaran tó ń gba ibẹ̀ kọjá náà sì ni. Ẹ má torí pé baba rẹ̀ ń da màlúù kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe yìí ò mọ ẹnubodè.

Wọ́n á ní bí a bá sọ, wọ́n á ti ọjà wa

A mọ̀ pé àwọn kan máa sọ èyí, a ò sì pè wọ́n ní òpè. Ìbẹ̀rù wọn nídìí. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba fi okùn yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó súnmọ́ wọn ká, ẹni tó ń jẹun òòjọ́ rí ohun tó rí. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún kì í fẹ́ tú àṣírí mọ́. Ìjọba ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí: bí ẹ bá ń jẹ ẹni tó mú ìròyìn wá níyà, ìròyìn ò ní wá mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ ká rò ó síwájú. Ìgbà wo ni wọ́n ń ti ọjà? Ìgbà tó bá ti tàn dé ibi gbogbo ni. Aláìsàn kan tí a sọ ní ọjọ́ kìíní, ilé kan ló kàn. Aláìsàn kan náà tí a fi pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ọjà ló kàn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìdákẹ́ ló ń ti ọjà, ìròyìn kọ́.

Ohun tí à ń béèrè

Lọ́wọ́ ẹ̀yin ọba àti baálẹ̀: kí abúlé kọ̀ọ̀kan, títí dé abà, ní ẹni méjì tó ń ṣọ́ àrùn, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí gbogbo ìlú mọ orúkọ wọn. Kí wọ́n ní ìjókòó láàfin lọ́jọ́ ìpàdé, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n rí, bó tilẹ̀ jẹ́ òdo. Kẹ́ ẹ sì kéde rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn pé ilé tó bá sọ̀rọ̀ kò ní gba èébú kankan, ilé tó bá fi pamọ́ ló máa wá ṣàlàyé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin babaláwo, oníṣègùn, àlùfáà, pásítọ̀ àti wòlíì: a ò ní kẹ́ ẹ lé aláìsàn jáde. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, a mọ̀ ọ́n. Nítorí ìyẹn gan-an ni ẹ fi lè rí àrùn kí ilé ìwòsàn tó rí i. Ìgbẹ́ olómi tí kò dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ ọmọ tó rọ lójijì, ibà tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde: bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, ẹ pe ẹni tó ń ṣọ́ àrùn lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Lọ́wọ́ ìjọba: ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ní èdè wa ní Plateau, ní Collines àti ní Ouémé, nínú rédíò àti lórí ìwé. Ẹ san owó àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn, ẹ san án lásìkò. Bí ẹ bá gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ọmọ wa lọ fún àyẹ̀wò, ẹ mú èsì padà wá sí abúlé tẹ́ ẹ ti gbà á. Ẹni tó mú ìròyìn wá tí kò gbọ́ èsì kò ní wá lẹ́ẹ̀kejì. Kẹ́ ẹ sì tó ti ọjà, ẹ wá bá ọba àti ìyálọ́jà jókòó.

Lọ́wọ́ àwa ẹgbẹ́: kí a fi apá kan nínú owó ẹgbẹ́ ra káàdì fóònù fún àwọn tó ń ṣọ́ àrùn, kí àwọn ìjòyè Kétu àti ti Ìmẹ̀kọ, àwọn ti Ìfànyìn àti ti Ìdíròkò, ní nọ́ńbà ara wọn lọ́wọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lódìkejì, kí á gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí á má dúró de ìwé tó gba Abuja àti Kútọnu kọjá. Kí a sì bẹ ìjọba méjèèjì pé kí wọ́n máa mú ọjọ́ kan náà fún àjẹsára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè, kí ọmọ kan má baà bọ́ sáàárín.

Àwọn tó gbógun ti ṣòbìà ò ní fóònù, púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀wé, wọ́n sì ṣe é. Àwa ní fóònù lọ́wọ́, a mọ̀wé, a ní ẹgbẹ́. Bí ọmọ kan bá tún rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ láàárín wa nítorí pé ẹnì kan rí i tó dákẹ́, a ò ní lè di ẹ̀bi ru ìjọba nìkan. Ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, kí abúlé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ẹni méjì wá.